Bí a ṣe ń fi TLD àti OSL wọn dóòsì x-ray tó ń wọ ara aláìsàn

Ẹ̀yin rédíógíráfà, ẹ̀yin ọmọ medical physics tẹ́ ẹ ń múra project, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ x-ray níkàáwọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Aláìsàn tó bá dúró níwájú x-ray ò lè mọ iye rédíéṣọ̀n tó wọ òun lára, kò dùn ún, kò gbóná mọ́ ọn, kò rí i, àwa tá à ń tẹ bọ́tìnnì ló yẹ ká mọ̀ ọ́n. Ó sì ṣeé mọ̀ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bá a ṣe ń fi TLD (thermoluminescent dosimeter) àti OSL (optically stimulated luminescence), ìyẹn àwọn kírísítà kéékèèké tó ń tan ìmọ́lẹ̀, wọn dóòsì yẹn, láti ìgbà tí chip (ẹyọ kírísítà kan) ṣì wà nínú àpótí ẹ̀ títí tí nọ́ńbà á fi jáde ní mGy (milligray, ìwọ̀n tá a fi ń ka dóòsì). X-ray àyà ni màá gbé ọ̀rọ̀ náà kà torí òun la máa ń yà jù, tó bá yá màá fi ẹnu ba CT (x-ray tó ń yí ara ká) àti fluoroscopy (x-ray tó ń fi inú ara hàn bíi fídíò).

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: nọ́ńbà tó jáde lára ẹ̀rọ tó ń ka chip kì í ṣe dóòsì o. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló kà. Bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú chip kó tó dé ara aláìsàn, àti irú ìtànṣán tẹ́ ẹ fi ṣe calibration ẹ̀ (fífi dóòsì tẹ́ ẹ ti mọ̀ dán an wò), àwọn méjì yẹn ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di dóòsì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ́, ẹ̀rọ olówó ńlá wà nílẹ̀, chip gidi wà nílẹ̀, nọ́ńbà tó jáde ò wá ṣeé gbára lé torí pé wọ́n ti sáré kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti rọra.

Ẹ tún jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ báàjì kúrò nílẹ̀. Ní Nàìjíríà, NNRA (Nigerian Nuclear Regulatory Authority) ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ rédíéṣọ̀n, báàjì tí òṣìṣẹ́ sì ń fi kọ́ àyà, ti òṣìṣẹ́ ni. Kò sọ nǹkan kan nípa aláìsàn. Ilé ìwòsàn kan lè ní báàjì pé pérépéré kó má sì mọ iye tí x-ray àyà kan ṣoṣo ń fún èèyàn níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú chip

TLD tó wọ́pọ̀ jù ni TLD-100. Lithium fluoride ni, wọ́n fi magnesium àti titanium táṣẹ́rẹ́ sí i. Ó kéré gan-an, 3.2 mm lóòró, 3.2 mm níbùú, kò sì nípọn tó 1 mm. Farrington Daniels àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní University of Wisconsin l'Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀rọ̀ fífi ooru ka rédíéṣọ̀n yìí síta láyé 1950s, John Cameron níbẹ̀ náà ló wá bá iléeṣẹ́ Harshaw ṣiṣẹ́ títí TLD-100 fi dọjà ní 1960s.

Rédíéṣọ̀n tó bá wọ inú kírísítà máa ń ti electron kúrò láyè wọn, díẹ̀ nínú wọn á wá há sínú àwọn ihò tí magnesium yẹn dá síbẹ̀. Ẹ wò ó bíi kólò. Rédíéṣọ̀n ń sọ owó sínú ẹ̀, owó yẹn ò sì lè dá jáde. Tẹ́ ẹ bá gbé TLD sórí iná, ńṣe lẹ fọ́ kólò, gbogbo owó inú ẹ̀ á tú síta bí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kò sí àtúnkà. OSL ní tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lẹ máa tàn sí i, díẹ̀ lá á jáde, èyí tó pọ̀ jù á ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún kà á lọ́la tó bá wù yín.

OSL tí wọ́n ń lò jù nílé ìwòsàn ni aluminium oxide tí wọ́n fi carbon sí, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló ṣe é. nanoDot ti iléeṣẹ́ Landauer jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀, pílásítíìkì pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ 10 mm sí 10 mm, kírísítà wà nínú ẹ̀ bí àwo róbótó kékeré. Iná aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń tàn sí i, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù lá á fi dáhùn, gíláàsì kan á sì dínà fún ewé yẹn kí búlúù nìkan lè dé ibi tí wọ́n ti ń kà á.

Èwo lẹ máa lò? Fún x-ray àyà, ikùn, ìbàdí àgbàlagbà, TLD-100 tó. Tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́ wọ̀n, dóòsì wọn kéré, ẹ wá TLD-100H, ìyẹn èyí tí wọ́n fi copper àti phosphorus sí, ó lágbára ju TLD-100 lọ ní bí ìlọ́po 20 sí 30. OSL dáa níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ èsì kíákíá, àbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀rí pamọ́, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tiẹ̀, a máa débẹ̀.

Jíjó chip kó tó ṣiṣẹ́

Chip tó ti ṣiṣẹ́ rí ṣì ní nǹkan nínú, chip tó kàn wà nínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́fà náà ti gba rédíéṣọ̀n àyíká. Ẹ gbọ́dọ̀ jó o dànù. TLD-100 á wọ ófùnù ní 400°C fún wákàtí kan gbáko, ẹ ó jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ ó gbé e sí 100°C fún wákàtí méjì. 400 yẹn ló ń kó gbogbo ẹrù àtijọ́ jáde. 100 yẹn wà fún àwọn ihò tí kì í di nǹkan mú pẹ́, àwọn tí electron inú wọn á ti jò tán kẹ́ ẹ tó gbé chip délé, tẹ́ ò bá tẹ̀ wọ́n rì wọ́n máa da kíkà yín rú.

Bí chip ṣe ń tutù láti 400 ṣe pàtàkì o, àwọn kan ò kà á sí. Bó bá tutù kíákíá lónìí tó rọra tutù lọ́la, agbára ẹ̀ á yàtọ̀ síra, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Ẹ wá irin títẹ́jú kan tẹ́ ẹ ó máa gbé tíréè lé tó bá ti jáde, kó jẹ́ irin kan náà, kó jẹ́ àyè kan náà, fáànù má fẹ́ lù ú lónìí kó má fẹ́ lù ú lọ́la. Àti iná NEPA! Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ófùnù wà ní 400, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti tán, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ bá a lọ níbi tẹ́ ẹ dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fáwọn èèyàn pé kí ófùnù wà lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter tó lè gbé e, ófùnù ń jẹ iná púpọ̀, kì í ṣe gbogbo inverter ló lè gbé e.

TLD-100H yàtọ̀ pátápátá: 240°C fún ìṣẹ́jú 10, kó má kọjá 240 rárá. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, agbára ẹ̀ á ti bàjẹ́. Ẹ má kó òun àti TLD-100 sínú tíréè kan náà láéláé, wọ́n jọra lójú, ẹnì kan á gbé e sí 400 lọ́jọ́ kan.

Ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ kan chip. Òróró ara, ìyẹ̀fun ibọ̀wọ́, eruku harmattan, gbogbo ẹ̀ ló máa ń jó tó bá dé 300°C nínú ẹ̀rọ, á sì tan ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀, á kà á mọ́ dóòsì. Ẹ fi ẹ̀mú pílásítíìkì mú un tàbí èyí tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ̀mú irin máa ń họ ọ́ lára. Ẹ má kọ nǹkan sí i lára pẹ̀lú. Ihò tó wà nínú tíréè lorúkọ ẹ̀: A1, A2, A3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó bá ti kúrò ni kó padà sí.

Chip kì í dọ́gba, ẹ wá mọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan

Chip 50 tí wọ́n bá kó wá láti iléeṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà ò ní fún yín ní nọ́ńbà kan náà. Ẹ tò wọ́n, kẹ́ ẹ fún gbogbo wọn ní dóòsì kan náà, 1 mGy sókè dáa, ẹ kà wọ́n, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan pín ìpíndọ́gba gbogbo wọn. Èsì ìpín yẹn ni ECC (element correction coefficient) chip náà. Èyí tí agbára ẹ̀ kéré á ní ECC tó ju 1 lọ, èyí tí agbára ẹ̀ pọ̀ á ní èyí tó dín sí 1.

Ibi tó ti lè ṣì yín lọ́nà ni pé ìtànṣán ẹ̀rọ x-ray ò dọ́gba láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì, ìtànṣán tó ń dé apá anode máa ń kéré sí ti apá cathode (ìpẹ̀kun méjì inú túùbù nìyẹn). Bẹ́ ẹ bá to chip 50 sábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ wá yìnbọn lẹ́ẹ̀kan (ìyẹn, tẹ́ ẹ tan x-ray sí wọn), àìdọ́gba ẹ̀rọ lẹ máa kọ sílẹ̀ bí àìdọ́gba chip. Tẹ́ ẹ bá ní cesium-137 tàbí strontium-90, àwọn èròjà tó ń tú rédíéṣọ̀n jáde fúnra wọn, níbi tẹ́ ẹ wà, òun lẹ máa lò fún ìpele yìí. Tí kò bá sí, ẹ kó chip jọ sí àárín gbùngbùn, ẹ fún wọn ní ìdajì dóòsì, kẹ́ ẹ yí tíréè po kí orí ẹ̀ bọ́ sí ìdí, kẹ́ ẹ wá fún wọn ní ìdajì tó kù.

Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, jíjó, yíyìn, kíkà. Chip tó bá ń fò sókè fò sílẹ̀ ju 5% lọ láti ìgbà kan sí òmíì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò burú kí chip jẹ́ aláìlágbára, ECC á tún un ṣe, ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni chip tí kò lọ́rọ̀ kan.

Calibration, ibi tí ẹjọ́ wà

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Kírísítà ò gba rédíéṣọ̀n bí ara èèyàn ṣe ń gbà á, àyàfi tí àwọn atom inú ẹ̀ bá wúwo bíi ti ara. Nọ́ńbà atom ẹran ara jẹ́ bíi 7.4, ti lithium fluoride jẹ́ bíi 8.2, ti aluminium oxide jẹ́ bíi 11.3. Tó bá jẹ́ ìtànṣán cesium-137 tó lágbára, 662 keV (keV ni ìwọ̀n agbára ìtànṣán), ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n x-ray ilé ìwòsàn, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ wà ní 30 sí 50 keV, níbẹ̀ ohun tó bá wúwo díẹ̀ á gbà púpọ̀ sí i. TLD-100 máa ń fi bíi 30% sí 40% lé dóòsì nígbà tí agbára ìtànṣán bá wà ní 30 sí 40 keV. OSL aluminium oxide ní tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin!

Ẹ wá rò ó. Ẹnì kan fi cesium ṣe calibration TLD-100, ó gbé e lọ síbi x-ray àyà, aláìsàn gba 0.30 mGy, ìwé tiẹ̀ sọ pé 0.40. Tó bá jẹ́ OSL ni, á sọ pé ilé ìwòsàn yẹn ń fún èèyàn ní 1 mGy fún x-ray àyà, wọ́n á pe ìpàdé lórí ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan. Cesium dáa fún kí ẹ mọ ECC, kò dáa fún calibration iṣẹ́ tá à ń sọ yìí. X-ray tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, àbí èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ gbé chip lọ sí yàrá òṣùwọ̀n. NIRPR (National Institute of Radiation Protection and Research) tó wà lábẹ́ NNRA ní irú ẹ̀ n'Íbàdàn, nínú ọgbà UI. Ẹ ní kí wọ́n fi RQR 5 yìn ín, ìyẹn 70 kV (kV ni agbára iná tó ń ti x-ray jáde) tí ìdajì ìtànṣán ẹ̀ ń dúró lára àlùmíníọ̀mù 2.58 mm. Ìkejì, kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ x-ray ilé ìwòsàn yín gan-an pẹ̀lú ion chamber (ẹ̀rọ tó ń wọn rédíéṣọ̀n tààrà) tí òṣùwọ̀n ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìwé ẹ̀rí. Èmi fẹ́ràn ìkejì, torí ìtànṣán tí aláìsàn gbà ni chip náà gbà, filter (àlùmíníọ̀mù tó ń sẹ́ ìtànṣán níwájú túùbù) kan náà, ọjọ́ orí túùbù kan náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ gbé chip àti chamber sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní 100 cm sí túùbù, kí wọ́n wà nínú afẹ́fẹ́, lórí nǹkan fẹ́lẹ́ bíi fóòmù, kí ògiri àti tábìlì jìnnà sí wọn. Ẹ yìn wọ́n ní 60 kV, 80 kV àti 100 kV. Fún kV kọ̀ọ̀kan, ẹ fún chip mẹ́ta mẹ́ta ní 0.1, 0.5, 1 àti 5 mGy gẹ́gẹ́ bí chamber bá ṣe kà á, kẹ́ ẹ má lo mA tàbí mAs (iye iná tó gba inú túùbù kọjá) tó wà lára kọ́ńsóòlù láti fi gbójú lé dóòsì, iná tó ń lọ sókè sódò máa ń mú kó parọ́. Ẹ ya ìlà. Ìlà tó lọ tààrà ló yẹ kẹ́ ẹ rí, mGy tó wà fún nC (nanocoulomb, ohun tí ẹ̀rọ fi ń ka ìmọ́lẹ̀) kọ̀ọ̀kan ni calibration factor yín.

Nǹkan kan wà tó máa ń fa àríyànjiyàn. Chip tó wà lára aláìsàn ń gba èyí tó ń bọ̀ láti túùbù, ó tún ń gba èyí tó ń ta padà látinú ara. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe calibration nínú afẹ́fẹ́ tí kò sí nǹkan lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó ta padà ti wà nínú kíkà yín láti ara aláìsàn, ẹ má tún mú backscatter factor 1.3 tàbí 1.4 wá fi ṣe ìlọ́po. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣírò látinú kV àti mAs ló nílò ìyẹn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ethics ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ẹ ní láti bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bí èèyàn. "Màmá, ẹ kú ìjókòó o. Nǹkan kékeré kan la fẹ́ lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó ya x-ray. Kò sí oògùn nínú ẹ̀, kò ní dùn yín, ó kàn fẹ́ bá wa mọ iye ìtànṣán tó kàn yín lára ni. Tẹ́ ò bá fẹ́, kò burú rárá, a máa ya x-ray yín bó ṣe yẹ." Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ó tán.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní ẹ̀yìn. X-ray àyà tó jẹ́ PA, ẹ̀yìn ni ìtànṣán ń gbà wọlé, àyà ló kọjú sí káséètì. Ẹni tó bá lẹ chip mọ́ àyà torí pé "x-ray àyà" ló wà nínú fọ́ọ̀mù, èyí tó ti la ara kọjá tán ló wọ̀n, ìyẹn kékeré lára ohun tó wọlé. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ibi tí iná collimator tàn sí, ní ọ̀gangan ibi tí igun ìsàlẹ̀ egungun èjìká méjèèjì wà. Ẹ di chip mẹ́ta sínú náílọ́ọ̀nù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí wọ́n tẹ́jú, kí wọ́n má gun ara wọn, kẹ́ ẹ fi pílásítà tí kì í fa ara ya lẹ̀ ẹ́. TLD-100 fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lórí fíìmù, kò ní ba àyẹ̀wò dókítà jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi tó dókítà tó máa ka fíìmù létí.

Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ nǹkan sílẹ̀, kì í ṣe tó bá di ìrọ̀lẹ́: nọ́ńbà ihò tíréè, kV, mAs, bí túùbù ṣe jìnnà sí fíìmù, bó ṣe jìnnà sí ara, bí àyà aláìsàn ṣe nípọn, ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara. Ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n o, ẹ má bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ilé ìwòsàn yín wé òmíràn, ẹ lo àwọn tó wà láàárín 60 kg sí 80 kg, kí wọ́n sì má dín ní 20 fún irú x-ray kan, bí ICRP, àjọ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ààbò rédíéṣọ̀n, ṣe dábàá ní 2017.

Bí chip bá ń lọ síbi iṣẹ́, kí chip mẹ́ta ó kéré tán bá wọn lọ, kí wọ́n bá wọn padà, kí ẹnikẹ́ni má yìn wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ló máa sọ rédíéṣọ̀n àyíká tó wọlé lọ́nà, ó lè tó 1 sí 2 µGy lóòjọ́ (1000 µGy ló wà nínú 1 mGy). Kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo wọn síbi tó dúdú, tó tutù, tó jìnnà sí yàrá x-ray. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíì, ọkọ̀ ilẹ̀ dáa ju bàálù lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú x-ray lòun náà.

Kíkà

Ẹ dúró di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó kà á, kí àwọn ihò tí kì í di nǹkan mú lè jò tán. Tí kò bá sí àyè, ẹ gbé e sí 100°C fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ tan ẹ̀rọ sílẹ̀ kó gbóná dáadáa, ẹ yẹ iná àpẹẹrẹ inú ẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà níbi tó wà lánàá, ẹ kà á láìfi chip sí i kẹ́ ẹ mọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ń kà. Náítírójìn gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí i, torí bí atẹ́gùn lásán bá wà níbẹ̀, ojú chip tó ń gbóná á tan ìmọ́lẹ̀ tí kò wá látinú rédíéṣọ̀n. Ní dóòsì kékeré bíi ti x-ray àyà, ìmọ́lẹ̀ èké yẹn lè pọ̀ débi tó fi máa bo òótọ́. Bẹ́ ẹ bá wà níbi tí náítírójìn ti tán, ẹ dúró, wọ́n á gbé sílíńdà mìíràn dé. Ooru á gòkè ní 10°C fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan títí dé 300.

Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan, ẹ wo àwòrán tó ń yà, glow curve. Òkè ńlá kan á dìde nígbà tí ooru bá kọjá 200°C díẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó parí. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń gòkè títí dé òpin láìsọ̀ kalẹ̀, ìdọ̀tí ni, àbí àwo tí wọ́n ń gbé chip lé ti dúdú. Bí òkè náà bá sún lọ sápá ọ̀tún, chip ò jókòó dáadáa lórí àwo, ooru ò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ yọ chip yẹn kúrò nínú ìṣírò, èèyàn ò lè tún un kà.

Ìṣírò ẹ̀ nìyí, nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni mo lò. Chip mẹ́ta ka 15.2, 14.6 àti 15.5 nC. Àwọn tí a ò yìn ka 0.8. Ẹ yọ 0.8 kúrò lára ìkọ̀ọ̀kan: 14.4, 13.8, 14.7. ECC wọn jẹ́ 0.98, 1.03 àti 1.00, ẹ fi ṣe ìlọ́po: 14.11, 14.21, 14.70. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 14.34. Calibration factor ní kV yẹn jẹ́ 0.022 mGy fún nC kan, dóòsì jẹ́ 0.32 mGy.

Kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Ká ní chamber ti sọ pé ẹ̀rọ yẹn ń fún ni 50 µGy fún mAs kan ní 100 cm, x-ray àyà náà gba 10 mAs, ara aláìsàn sì wà ní 150 cm sí túùbù. 50 lọ́nà 10 jẹ́ 500 µGy, ìyẹn á dín kù sí bíi 222 torí jíjìnnà, ẹ fi backscatter 1.35 sí i, ó di 300 µGy, ìyẹn 0.30 mGy. Chip sọ 0.32, ìṣírò sọ 0.30, wọ́n bára mu. Bí ọ̀kan bá sọ 0.32 tí èkejì sọ 0.6, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì kọ ọ́ síwèé.

Tó bá jẹ́ OSL lẹ ní

Jíjó 400 ò sí níbí, ìmọ́lẹ̀ lẹ fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ ṣí i sílẹ̀ sábẹ́ iná funfun tó mọ́lẹ̀ gan-an fún wákàtí púpọ̀, kẹ́ ẹ kà á láti rí i pé ó ti mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè yọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ohun tó ń fọ̀ ọ́ yẹn náà ló lè pa èsì yín. Bí pílásítíìkì ẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nínú yàrá tí oòrùn wọlé, dóòsì tí aláìsàn gbà ti ń lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti yìn ín tán, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó kà á, torí ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ń kú lọ lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún kẹ́ ẹ mú ìpíndọ́gba, èyí tó ń dín kù fún kíkà kọ̀ọ̀kan kéré. Àti pé kí calibration jẹ́ ti x-ray, kì í ṣe ti cesium, ẹ rántí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin yẹn.

CT àti fluoroscopy

CT tó ń yí bó ṣe ń rìn, dóòsì tó wà lójú ara níbẹ̀ máa ń ga lójú kan, kó lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Chip kan ṣoṣo lè bọ́ sórí òkè tàbí sínú àfonífojì, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ to chip púpọ̀ sórí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìpíndọ́gba wọn ló ní ìtumọ̀. Ó dáa láti fi mọ ohun tó kan ojú tàbí ọ̀nà ọ̀fun níbi CT orí.

Nídìí fluoroscopy ọkàn, ibi tí ìtànṣán ti wọlé jù lẹ ń wá, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ torí dókítà ń yí túùbù kiri. Ẹ to chip bí àwọ̀n sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn. Bí awọ ara bá ti gbà tó 2 Gy (ìyẹn 2000 mGy), ó lè pọ́n, ní bíi 3 Gy irun lè já fúngbà díẹ̀, torí náà iye yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì aláìsàn. TLD-100 kì í lọ tààrà mọ́ tó bá ti kọjá 1 Gy, á máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí ìlà calibration yín dé bíi 5 Gy. Ẹ má gbàgbé ojú dókítà tó ń ṣiṣẹ́ náà, ẹ lẹ chip kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ tó sún mọ́ túùbù, 20 mSv (millisievert, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka dóòsì òṣìṣẹ́) lọ́dún ni òdiwọ̀n ICRP fún lẹ́ńsì ojú òṣìṣẹ́.

Tí nọ́ńbà bá ga

IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, gbé 0.4 mGy kalẹ̀ bí òdiwọ̀n ìtọ́sọ́nà ní 1996 fún x-ray àyà PA, 10 mGy fún ìbàdí láti iwájú, 5 mGy fún orí PA. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 0.15 mGy fún àyà. Ẹ mú nọ́ńbà tó wà láàárín gbùngbùn nínú ti aláìsàn 20 yẹn, òun lẹ máa fi wé e, torí aláìsàn sísanra kan lè gbé ìpíndọ́gba sókè.

Bó bá kọjá, ẹ má kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ wo fáìlì tẹ́ ẹ kọ: bí kV bá jẹ́ 60 tí mAs ga fíofío, ọwọ́ èèyàn ló fà á, ẹ gbé kV gòkè kẹ́ ẹ fa mAs wálẹ̀. Ẹ wò bóyá filter ṣì pé 2.5 mm àlùmíníọ̀mù, àwọn kan máa ń yọ ọ́ tí wọ́n bá ń tún túùbù ṣe tí wọn ò sì dá a padà. Ẹ wo bí túùbù ṣe jìnnà, x-ray àyà tí wọ́n ń yà ní 100 cm torí pé yàrá há, dóòsì ẹ̀ á ju ti 180 cm lọ bí wọn ò bá ti dín mAs kù. Ẹ tún ṣe ohun tó yẹ ní títún ṣe, kẹ́ ẹ wá kó àwọn chip kan náà padà sínú ófùnù ní 400, kẹ́ ẹ wọn aláìsàn 20 mìíràn lórí ẹ̀rọ yẹn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ògiri yàrá kọ́ńsóòlù níbi tí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì á ti rí i.